Wọ́n fún àbúrò mi ní Agric Engineering dípò Mechanical: ṣé kó gbà á ni àbí kó dúró dọdún tó ń bọ̀?

Ọmọ Olófà

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan an. Àbúrò mi obìnrin ló ṣe jámbù, Mechanical Engineering ló fi ṣe àkọ́kọ́, àdímíṣọ̀n wá jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, Agric Engineering ni wọ́n fún un. Àtọjọ́ náà ló ti ń sunkún. Bàbá wa, kúkúndùnkún ni wọ́n ń gbìn ní Ọ̀fà níbí, oko yẹn náà ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa, wọ́n ní àwọn ò lè máa sanwó yunifásítì fún ọdún márùn-ún kí ọmọ tún wá padà bá àwọn kọ ebè. Màmá ní kó gbà á, pé ṣebí yunifásítì náà ni. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, Akáǹtì ni mo kà, mi ò mọ nǹkan kan nídìí ẹnjiníà. CAPS jámbù (ojúewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń gba àdímíṣọ̀n tàbí kọ̀ ọ́) ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wá ká tẹ Accept tàbí Reject. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀? Iṣẹ́ wo lèèyàn máa rí ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á, ẹ má fi bò fún mi.

Ẹnjiníà Tankẹ̀

Ẹ kú àníyàn o, ẹ bá mi rẹ àbúrò lẹ́kún. Ohun tí mo kà nìyẹn, ìdí ẹ̀ náà ni mo sì ń jẹ títí dòní.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ là yé Bàbá ni pé Agric Engineering ò sí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ Àgíríkì, ọ̀dọ̀ àwọn ẹnjiníà ló wà, B.Eng ni wọ́n máa fún un, ọdún márùn-ún gbáko. Ṣebí ẹ rí i pé Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe jámbù bí ọmọ Mechanical ṣe fi ṣe é, kò sẹ́ni tó bi í ní Bàólójì. Ní 100 level gbogbo wọn jọ ń jókòó sínú kíláàsì kan náà ni. 200 level náà, dírọ́ìn tí ọmọ Mechanical ń yà lòun náà máa yà, thermodynamics (ìmọ̀ ooru), fluid mechanics (bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn), strength of materials (bí irin àti igi ṣe lágbára tó), wákísọ́ọ̀bù, wọ́n jọ máa ṣe é ni, ọmọ Civil náà ń bẹ níbẹ̀. Ó di 300 level kí ọ̀nà tó yà.

Níbi tó ti yà yẹn gan an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró wò dáadáa. Irin ò ń jẹrà bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ dọ̀la, ṣùgbọ́n pákí tẹ́ ẹ wú lónìí, bó bá fi máa di ọ̀tunla ó ti ń dúdú nínú. Iṣu ń mí nínú abà. Àgbàdo tí ò gbẹ dáadáa ń gbóná nínú àpò títí táá fi bu. Ìyẹn ni pé nǹkan tó lẹ́mìí là ń fi ìmọ̀ ẹnjiníà tọ́jú, ìdí nìyẹn tí àwọn yunifásítì kan fi yí orúkọ ẹ̀ padà báyìí, ní Unilorin wa níbí Agricultural and Biosystems Engineering ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ẹ̀, ẹ máa bá àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ oko, tírákítọ̀ àti gbogbo nǹkan tó ń wọ́ lẹ́yìn, ẹ máa bá àwọn onílẹ̀ àti omi tí wọ́n ń ṣe ìrígéṣọ̀n (bíbomi rin oko), dáàmù kéékèèké, àti bí àgbàrá ò ṣe ní í wọ́ ilẹ̀ lọ, ẹ máa bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí irè lẹ́yìn ìkórè, bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, ẹ tún máa bá àwọn tó ń kọ́ ilé adìẹ, ilé màlúù, ilé ewébẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà bò. Gbogbo ẹ̀ ló máa tọ́ wò kó tó mú ọ̀kan.

COREN tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti 1970 ò ya ọmọ Agric Engineering sọ́tọ̀. Bó bá jáde, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, tó ṣe ìdánwò wọn, Engr. náà ló máa wà níwájú orúkọ ẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà bá mi béèrè ní dípátímẹ́ǹtì bóyá COREN ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì wọn. Kì í ṣe NUC tó ń bójú tó yunifásítì nìkan o, COREN. Ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè.

Aláàjà Òkè-Àpómù

Kó gbà á. Ọdún kan tó bá fi jókòó sílé ò ní í padà wá mọ́. Ọmọ tèmi dúró de Medicine ọdún mẹ́ta, Allah ló mọ ohun tójú wa rí.

Ọmọ Sábó-Òkè

Mo máa sọ òdìkejì, ẹ má bínú sí mi. Mo kà á, mo jáde ní 2014, báǹkì ni mo wà báyìí. Nínú àwa tá a jọ jáde tá a ṣì jọ ń sọ̀rọ̀, àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ò pọ̀. Ẹ máa wo àwọn ìpolówó iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn, Mechanical, Electrical, Civil ni wọ́n máa ń kọ, tiwa kì í sí níbẹ̀, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ gan an ò mọ ohun tá a kà, wọ́n á ní "ṣé ẹ mọ̀ nípa ajílẹ̀?" IT (ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ń rán wa lọ ṣe) oṣù mẹ́fà tí mo ṣe ní 400 level, ọ́fíìsì ìjọba kan ni mo ti ṣe é, fọ́tòkọ́pì ni mo ń ṣe fún wọn látàárọ̀ dalẹ́, mi ò fọwọ́ kan síbánà kankan títí mo fi kúrò. Bí mo ṣe jáde yunifásítì nìyẹn tí mi ò lè tú ẹ́ńjìnnì omi palẹ̀. Mi ò sọ pé kó má gbà á o. Mò ń sọ pé bó bá gbà á kó má kà á bí mo ṣe kà á.

Ẹnjiníà Tankẹ̀

@Ọmọ Sábó-Òkè òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní í jà yín níyàn. Èmi náà wáṣẹ́ fún ọdún kan ààbọ̀. Ohun tó yọ mí ni pé mo ń lo AutoCAD tí wọ́n fi ń ya dírọ́ìn lórí kọ̀ǹpútà dáadáa, ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó máa ya dírọ́ìn ilé ìgbókàápamọ́ ni mo gbà wọlé, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni mo kà. Bí wọ́n bá sì kọ "Mechanical or related field" sínú ìpolówó, kó kọ̀wé sí wọn, àwa náà ni related yẹn.

Ìyá Gàrí Ìdòfìàn

Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, nítorí ọmọ ilé ìwé tó ka nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí ló tún ẹ̀rọ mi ṣe.

Gàrí ni mò ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ̀rọ tá a fi ń rin pákí, wẹ́dà kan ló ṣe é fún mi, láti ìgbà tá a ti gbé e délé ló ti ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe, tó ń já bẹ́lítì, oṣù kan kì í kọjá tí mi ò ní í ra bẹ́lítì, dísẹ̀ sì ń lọ bí omi. Mo rò pé bí gbogbo ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nìyẹn ni. Ọmọbìnrin kan wá bá wa, ó ní pírọ́jẹ́ẹ̀tì lòun ń ṣe, kí n jẹ́ kóun máa wo bá a ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó kọ́kọ́ jókòó ọjọ́ méjì tí ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ń kọ̀wé, ó ń ka ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹta ló wá fi tépù wọn púlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì àti èyí tó wà lára ẹ̀rọ. Ó ní Màmá, ti ẹ́ńjìnnì yín jẹ́ ínǹṣì mẹ́fà, ti ẹ̀rọ jẹ́ mẹ́ta, ìyẹn ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan ẹ̀rọ ti yí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ́ńjìnnì yín bá ń sá 1500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ ń sá 3000, wọn ò ṣe é fún eré yẹn. Ó ní ká fi púlì ínǹṣì mẹ́fà sí ti ẹ̀rọ náà. Wẹ́dà bínú. Mo ní ẹ jẹ́ ká dán an wò, owó púlì kan náà ni. Bá a ṣe tan án báyìí, ariwo rọlẹ̀. Pákí ń jáde kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́lítì tá a fi sí i nígbà náà lò ju oṣù márùn-ún lọ.

Kò tán síbẹ̀ o. Ó wo páànù onílílù tá a fi wé dúrọ́ọ̀mù ẹ̀rọ, ó ti dípẹtà, ó ní ìpẹtà yẹn ń bá pákí lọ sínú gàrí, omi pákí máa ń kan, ó ń jẹ irin. Ó ní sitéńlẹ́ẹ̀sì ló yẹ kó jẹ́. Owó ẹ̀ wọ́n, ọdún kejì ni mo tó rí i rà, ṣùgbọ́n mo rà á, àwọn oníbàárà mi láti Ìlọrin ń sọ pé gàrí mi funfun.

Ọmọ yẹn ò kọ ebè kankan nílé mi. Ẹ sọ fún Bàbá yín pé ìyá kan ní Ìdòfìàn ló ní kẹ́ ẹ jẹ́ kọ́mọ lọ. Tí ẹnì kan bá lè bá wa ṣe èyí tó ń yan gàrí tí èéfín ò ní í máa pa wá lójú, tí owó ẹ̀ ò sì ní í pa wá, ẹni yẹn ò ní í tòṣì láyé.

Ọmọ Olófà

Màmá ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan an. Mo ka ti yín sétí Bàbá lálẹ́ àná, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní kí n tún ibi púlì yẹn kà. Àbúrò wá ń béèrè pé ṣé obìnrin pọ̀ nínú kíláàsì náà, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kóun máa wa tírákítọ̀. Ó tún ní òun gbọ́ pé ìṣirò ẹ̀ máa ń fọ́ èèyàn lórí.

Ọmọ Málété 400L

Àǹtí ni mí sí àbúrò yín nínú iṣẹ́ náà, ẹ bá mi kí i. Obìnrin wà, a ò pọ̀ bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n a wà. Tírákítọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní kó wà á, mo ti wà á, ó sì dùn! Kò gba agbára kankan, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣáà ti dé kílọ́ọ̀ṣì ni.

Ìṣirò wà o, mi ò ní í parọ́ fún un. 200 level ló ń dá àwọn èèyàn padà. Ẹni tó bá ń há ìwé sórí bí ìgbà tó ń ṣe WAEC, ibẹ̀ ló ti máa kọsẹ̀, torí wọ́n á yí ìbéèrè padà. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé àwa mẹ́rin la jọ ń yanjú ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá láti ọ̀sẹ̀ kejì tí ilé ìwé bá wọlé, a kì í dúró de ìgbà tí ìdánwò bá kù dẹ̀dẹ̀. Kó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká bí agbára bá wà, kò nílò tuntun, kó ṣáà lè gbé AutoCAD àti SolidWorks tá a fi ń ya dírọ́ìn. Kó kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀, àwọn lẹ́kítọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé báyìí ń lò ó.

Èmi ilẹ̀ àti omi ni mo mú. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo ń múra ẹ̀, ìrígéṣọ̀n oníkíkán ni, ẹ máa gbé garawa ńlá sórí pátákó tó ga tó mítà kan, ẹ máa fa páìpù tóóró látìdí ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ewébẹ̀, ihò kékeré máa wà lára ẹ̀ níbi tí gbòǹgbò wà, omi á máa kán tó tó tó. Kò nílò jẹnẹrétọ̀, òòfà ilẹ̀ ló ń fà á wá. Ìyá mi ń gbin tòmátì lẹ́yìnkùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, korobá ni wọ́n fi ń ru omi tẹ́lẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Mo ṣe kékeré fún wọn fi dán an wò, bẹ́ẹ̀dì méjì péré. Wọ́n ti ń bi mí ìgbà tí mo máa ṣe ìyókù.

Yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ irú ẹ̀ wà nítòsí wa dáadáa, Unilorin wà, KWASU Málété tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009 wà, Landmark ní Òmù-Àrán náà wà, ti aládàáni nìyẹn, owó ẹ̀ ju ti ìjọba lọ ṣá.

Baba Wẹ́dà Ọ̀rọ̀

Mo kí gbogbo ilé. Wẹ́dà ni mí, mò ń ṣe ẹ̀rọ tó ń pa àgbàdo, tó ń rin pákí, tó ń fún epo. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Gàrí sọ nípa wẹ́dà yẹn, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ojú la fi kọ́ṣẹ́, ohun tí ọ̀gá mi ṣe ni mo rí tí mò ń ṣe, òun náà ohun tó rí lọ́dọ̀ ọ̀gá tiẹ̀ ló ṣe. Bí nǹkan kan bá ti yí padà díẹ̀ a ò mọ bá a ṣe máa ṣírò ẹ̀, a kàn máa ń fi irin tó nípọn sí i ni, owó oníbàárà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ IT ti kọjá lọ́dọ̀ mi, mo rí oríṣi méjì. Ìkan á wá pẹ̀lú aṣọ funfun, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa tẹ fóònù, ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ lá gbé lọ́ọ̀gìbúùkù wá pé kí n fọwọ́ sí i. Èkejì á di gíráíńdà mú lọ́jọ́ kejì. Èyí tó di gíráíńdà mú yẹn, kó tó lọ a ti jọ mọ nǹkan lọ́wọ́ ara wa, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ béárìnì tó yẹ ẹrù kan, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó irin tí kò fi ní í wọ́. Ọmọ yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, èèyàn mẹ́fà ló ń bá a ṣiṣẹ́, ó máa ń gbé iṣẹ́ fún mi tí ọwọ́ ẹ̀ bá dí.

Àbúrò yín ò gbọdọ̀ dúró de 400 level. Ilé ìwé kì í sábà wọlé bí wọ́n bá ti fún wọn ní àdímíṣọ̀n, kó lo àsìkò yẹn. Oṣù méjì lọ́dọ̀ wẹ́dà máa ṣe é láǹfààní.

Kọ́pà Àtijọ́

Ẹ̀yin ará Kwara ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ jókòó lé. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo ti wá sìn ìlú lọ́dọ̀ yín, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ibi tí ọmọ Agric Engineering láti ìpínlẹ̀ míì máa ń kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ sí, ẹ̀yin lẹ ni ín. NCAM tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdòfìàn lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán tírákítọ̀ àti ẹ̀rọ oko wò kí wọ́n tó sọ pé ó dáa fún ilẹ̀ wa, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀rọ tuntun níbẹ̀. NSPRI, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí irè ìgbókàápamọ́ láti 1948, Ìlọrin ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, lójú ọ̀nà Àsá Dáàmù. Lower Niger River Basin náà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó omi odò àti ìrígéṣọ̀n, Ìlọrin ni. ARMTI, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àbójútó iṣẹ́ àgbẹ̀, wà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ẹ wọ ọkọ̀ kan láàárọ̀, ẹ máa dé gbogbo ẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Kó má dúró dìgbà tí ilé ìwé bá há lẹ́tà IT fún wọn, ìgbà yẹn gbogbo ènìyàn ló máa ya lọ síbẹ̀. Láti 300 level ni kó ti lọ, kó kí wọn, kó béèrè ẹni tó ń ṣe nǹkan tó wù ú, kó bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Tèmi, ìgbókàápamọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbọ́ o, àgbàdo tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já lóko, nínú 100 kílò ẹ̀, omi á tó 20 sí 25 níbẹ̀, nígbà míì á jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dà á sápò bẹ́ẹ̀ á bu, bíbu yẹn ló sì ń fa májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló ń bà jẹ́, sísè ò pa á. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ títí omi inú ẹ̀ á fi dín sí 12 tàbí 13 nínú 100. Àwọn bàbá wa ń fi eyín gé e jẹ wò, bó bá dún kọ̀ọ́ ó ti gbẹ. Ó dáa, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó fẹ́ tà á fún iléeṣẹ́ oúnjẹ adìẹ, wọn ò ní í fi eyín gba tiẹ̀, mítà tó ń wọn omi inú ẹ̀ ni wọ́n máa kì bọ̀ ọ́, bí ò bá gbẹ tó wọ́n á dá mọ́tò padà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ àgbàdo nígbà òjò, tí oòrùn ò sí, ẹni yẹn ti níṣẹ́.

Olóko Àjàṣẹ́

Èmi àgbẹ̀ ni mí, hẹ́kítà ọgbọ̀n ni mò ń dá. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo máa ń sanwó fún, torí mo rí i pé àwọn ọmọ yìí ń wáṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba nìkan.

Tírákítọ̀ tá à ń háyà, ẹni tó ń wà á kì í mọ nǹkan kan ju kó ṣáà wà á lọ. Lọ́dún kan ó kọ ilẹ̀ mi láti òkè wá sísàlẹ̀ níbi tó dagun, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn fún un, òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ gba inú poro yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó kó gbogbo ilẹ̀ òkè lọ, àgbàrá gbẹ́ kòtò tó bò mí dé orókún síbẹ̀. Ìdábùú ló yẹ kó kọ ọ́. Ọdún míì a gbé ẹ̀rọ tó ń pa àgbàdo sí ẹ̀yìn tírákítọ̀, 540 ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ pé kó máa yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ọkùnrin náà fi sí 1000. Ẹ̀rọ tú ká. Ọlọ́run ló yọ wá tí kò bá ẹnikẹ́ni.

Mo ti ń wá ẹnjiníà tó máa wá wo oko mi lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù kan, táá sọ fún mi pé ilẹ̀ ibí ni kẹ́ ẹ kọ báyìí, ibí lẹ máa gbẹ́ omi sí, ẹ má ra tírákítọ̀ yìí, èyí ló gba ilẹ̀ yín. Mo ṣe tán láti sanwó ẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta tí mo bá sọ ọ́, wọ́n ní iṣẹ́ iléeṣẹ́ epo làwọn ń wá. Bí àbúrò yín bá jáde kó wá sí Àjàṣẹ́.

Ọmọ Ìlọrin ní Iowa

Ẹ kú ilé o. Mo kúrò ní Ìlọrin wá ṣe Masters níbí, kọ́ọ̀sì kan náà, àwọn ará ibí kì í fi ojú kéré ẹ̀ rárá, láti 1907 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, ASABE ló ń jẹ́ báyìí. Kíkàwé ẹ̀ níbí ọdún mẹ́rin ni, ilé ìwé tí ABET, àjọ tó ń yẹ kọ́ọ̀sì ẹnjiníà wò, fọwọ́ sí ni wọ́n máa ń wò, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì á ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ FE, á ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà á ṣe ìdánwò kejì tó ń jẹ́ PE.

Nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ni pé omi tá à ń wá kiri nílé, àwọn ibí ń wá bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́ kúrò lóko. Ilẹ̀ wọn ń mu omi jù, wọ́n máa ń ri páìpù onílílù sábẹ́ ilẹ̀ káàkiri kó lè máa fa omi jáde, iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún àwa onílẹ̀ àti omi. Àwọn míì wà ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe tírákítọ̀, tí wọ́n ń kọ prógíráàmù tí tírákítọ̀ á fi máa wa ara ẹ̀ tó ń tẹ̀lé sátẹ́láìtì. Àwọn míì ń ṣe sáílò tí wọ́n ń kó ọkà pamọ́ sí.

Bí àbúrò bá ní in lọ́kàn, máàkì ẹ̀ láti 100 level ló ṣe pàtàkì. First class tàbí two-one tó lágbára, kó kọ ìméèlì sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ ìwádìí wọn jọ tiẹ̀, kó ka iṣẹ́ wọn kó tó kọ̀wé sí wọn, wọ́n mọ ẹni tí ò kà á. Tí wọ́n bá gbà á gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú ìwádìí, ilé ìwé ló máa ń sanwó ẹ̀kọ́, wọ́n á tún máa fún un ní owó oṣù tó máa fi jẹun. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn, òbí mi ò ní owó Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìyanṣu kékeré kan tí mo ṣe fún pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi ní Ìlọrin, tí mo ya dírọ́ìn ẹ̀ fúnra mi, òun ni wọ́n bi mí léèrè jù.

Ọmọ Sábó-Òkè

Mo ka gbogbo ẹ̀ tán. @Olóko Àjàṣẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí íńbọ́ọ̀sì yín sílẹ̀. Mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ wá wo ilẹ̀ yẹn.

Ọmọ Olófà

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Bàbá pe àbúrò lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé fún àwọn ohun tó ń ṣe kúkúndùnkún tí kì í fi pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá wà á tán, pé ọ̀pọ̀ tí àwọn ń kó lọ ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin ló ń jẹrà lọ́nà. Kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó dáa, kó lọ kọ́ ọ wá. Ó ti tẹ Accept, èmi ni mo jókòó tì í.

@Baba Wẹ́dà Ọ̀rọ̀ ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Àbúrò Màmá wa wà ní Ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni yóò máa sùn. Kí ló máa mú dání?

Baba Wẹ́dà Ọ̀rọ̀

Kó máa bọ̀. Kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátápátá, kó wọ aṣọ òwú, kó má wọ náílọ́ọ̀nù torí iná tó ń ta, kó di irun ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kó mú ìwé àti tépù dání. Gíláàsì ojú wà lọ́dọ̀ mi. Aago méje ààbọ̀ la máa ń ṣí.